Wọ́n ní kí àǹtí mi wọ inú ìwádìí oògùn HIV, ṣé kó gbà?

ỌmọÌyáẸlẹ́kọ: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Àǹtí mi kan ti ń lo oògùn HIV tipẹ́, ara ẹ̀ le dáadáa. Níjọ́ tó lọ gba oògùn ni wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù gbọọrọ kan pé àwọn kan ń ṣe ìwádìí, ṣé á fẹ́ bá wọn ṣe é, wọ́n á máa fún un lówó ọkọ̀. Ọkọ ẹ̀ fárí gá, ó ní àwọn òyìnbó fẹ́ fi í dán nǹkan wò ni. Èmi náà ń rò ó, oògùn tí wọ́n ti yẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n tún ń wá lára wa?

Láàbù_Àkúrẹ́: Kòkòrò tó wà lọ́dọ̀ wọn kọ́ ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Oríṣi B ló gbòde ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ní Nàìjíríà oríṣi tí wọ́n ń pè ní CRF02_AG àti G ló pọ̀. HIV-2, ìyẹn kòkòrò HIV kejì, tiẹ̀ tún wà, apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí ló fìdí kalẹ̀ sí, Guinea-Bissau, Senegal, oògùn efavirenz àti nevirapine tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn láyé ìgbà yẹn ò ràn án rárá, ẹni tí wọn ò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò dáadáa kàn ń gbé oògùn mì lásán ni.

Ara wa náà ńkọ́? Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, NAMSAL, èèyàn 613, wọ́n fi oògùn HIV kan, dolutegravir, wé efavirenz 400 mg. Èsì ẹ̀ jáde ní 2019, oògùn méjèèjì ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn tó ń lo dolutegravir ń sanra, àwọn obìnrin lọ́rọ̀ sì kàn jù. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun ló kún inú ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ṣáájú, ta ló fẹ́ rí ìyẹn níbẹ̀?

BàbáÌbejì_Mọ́kọ́lá: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má dá ọkọ ẹ̀ lẹ́bi jàre. Wọ́n ṣe ìwádìí oògùn HIV kan, tenofovir, n'Íbàdàn níbí, wọ́n ń wò ó bóyá obìnrin tí kò ní HIV tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ò ní kó o, wọ́n ń ṣe é ní Tema ní Gánà àti Douala ní Kamẹrúùnù náà. Ní 2005 ti Douala dúró torí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń pariwo pé ta ló máa tọ́jú ẹni tó bá kó o lẹ́nu ẹ̀, tiwa náà dúró lọ́dún yẹn, àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní iṣẹ́ ibẹ̀ ò kúnjú ìwọ̀n. Tenofovir yìí kan náà ni gbogbo ayé ń lò báyìí o, ó ṣeé ṣe kó wà nínú oògùn àǹtí yín gan-an.

SístàNọ́ọ̀sì: Kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù yẹn sí i létí ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí nǹkankan. Ṣé wọ́n máa pààrọ̀ oògùn ẹ̀ ni àbí ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́? Tí nǹkan bá ṣe é, ta ló ń sanwó ìtọ́jú? Nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó lè jáwọ́ nígbàkígbà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ dá oògùn ẹ̀ dúró. Kí owó ọkọ̀ má ṣe fà á lójú o.

ỌmọÌyáẸlẹ́kọ: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pè é, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ máa gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n lè tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ṣé ó lè kọ ìyẹn kó gba yòókù?

SístàNọ́ọ̀sì: Wọ́n sábà máa ń ya ìyẹn sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó wò ó nísàlẹ̀, níbi tó ti máa fọwọ́ sí i. Tí kò bá sí níbẹ̀, kó bi wọ́n.