Ọrùn dúdú, ẹsẹ̀ wíwú: ṣé sísanra ló fà á?

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Iléṣà. Ẹ̀yìn ọrùn mi àti abíyá mi ti dúdú, ó nípọn bí aṣọ àrán. Mo fi kànrìnkàn bó o títí, kò lọ. Ẹnì kan nínú ọjà Atakúnmọ̀sà ní kí n ra ìpara tó ń bóra. Abẹ́ ọyàn ń yún mi, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì á wú. Mo sanra, mi ò sẹ́. Ṣé òun náà nìyí?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìpara yẹn. Ti ọrùn kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lára, insulin tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, ni ara á bá máa pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù. Àpọ̀jù yẹn ló ń mú kí awọ ọrùn àti abíyá máa hù lé ara wọn. Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀, kí ẹ tó fi nǹkan kan ẹnu. Bó bá wà láàárín 100 sí 125 mg/dL, àtọ̀gbẹ ń bọ̀ lọ́nà. Bó bá tó 126, wọ́n á tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ pé ó ti dé. Bí sísanra yín bá dín kù díẹ̀, dúdú náà á máa ṣí. Mi ò ní kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà má jẹyán o! Kí òkèlè dín, kí ẹ̀fọ́ pọ̀.

Abẹ́ ọyàn: òógùn àti ìfarakanra ni. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọ aṣọ òwú.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Ẹ̀yin dúró sójú kan láti àárọ̀, ikùn sì ń tẹ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà gòkè. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sílẹ̀, omi á jò sínú ẹran. Bó bá pẹ́, awọ ibẹ̀ á dúdú, á le, egbò tí kì í tètè jinná á sì yọ. Ẹ máa rìn, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan bá wú lójijì tó ń dunni, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ Ìsọ̀kùn
Ọsàn wẹ́wẹ́ ń mú un kúrò. Ẹ fi pa ọrùn.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì
Kí wọ́n fi ọsàn pa ọrùn, kí wọ́n wá jáde sínú oòrùn? Awọ á jó, á lé ròrò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọsàn yín sínú ẹja.

Ìyá Ìbejì Aláṣọ
Ẹ ṣeun, mà. Mà á lọ yẹ ṣúgà náà wò. Ti ẹsẹ̀ gbígbé sókè yẹn ni: oníbàárà tó bá bá mi bẹ́ẹ̀ á ní mo ti ń fi owó òun jayé.