Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Bá Wa Wá Orúkọ Bàbá Yìí

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, mo bẹ̀ yín, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Bàbá tó bí ìyá àgbà ìyàwó mi kó kúrò ní Mississippi lọ sí Chicago ní nǹkan bí ọdún 1917, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn àtìpó láti Yúróòpù, tí àwọn ilé iṣẹ́ ìhà àríwá sì ń wá òṣìṣẹ́ kiri. Inú ọkọ̀ ojú irin ilé iṣẹ́ Pullman, tí àwọn èrò máa ń sùn nínú rẹ̀, ló ti ṣiṣẹ́, ó ń tẹ́ ibùsùn fún àwọn èrò, ó sì ń nu bàtà wọn lóru. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, “George” nìkan ni wọ́n sì kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n George ni àwọn èrò máa ń pe gbogbo òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn orúkọ George Pullman tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí ẹni pé òbí wọn kò sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. A mọ̀ pé ìkànìyàn ọdún 1920 kọ iṣẹ́ oníkálukú sílẹ̀, àti pé ilé ìkàwé Newberry ní Chicago ń tọ́jú àwọn ìwé Pullman. Ẹni tó bá ti wá ẹbí rẹ̀ níbẹ̀ rí, ìwé wo ni kí a kọ́kọ́ béèrè fún, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ìyàwó bàbá náà nìkan ló dá wa lójú?