Ṣé kí n gbé Hiace mi sókè fún ọ̀nà Mambilla?

OmoKubwa: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní Hiace tọ́kúnbọ̀ kan tí mo ti yọ gbogbo síìtì ẹ̀yìn ẹ̀, mo ti kan bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, mo ṣe ibi ìdáná kékeré sí i, ó wá kù kí n gbé e ga, bíi ínṣì 6, kí n fi táyà ńlá sí i, torí èmi àti madam fẹ́ gba Serti gòkè lọ Gembu, lórí òkè Mambilla ní Taraba, nígbà òjò. Mo rí i táwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe é lórí YouTube, ó ti wọ̀ mí lójú pátápátá. Wẹ́dà kan ní Apo ní òun á ṣe é. Kí lẹ rí sí i?

BabaAyo_Gwags: Àbúrò, ó wuyì, mi ò ní parọ́. Àmọ́ Hiace yẹn, ṣé four-wheel ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, táyà ẹ̀yìn nìkan lẹ́ńjìnnì ń yí. Gbé e ga dé òrùlé, táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí lásán nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa sùn. Àwọn bọ́ọ̀sì Ford Econoline tó ò ń wò yẹn, àwọn bíi Quigley ní Pennsylvania ló ń gbé axle iwájú (irin tó so táyà méjì pọ̀) àti transfer case (àpótí jíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn) sí i, wọn ò kàn ki irin bọ̀ ọ́ lábẹ́.

Mama_Ibeji_Jos: Ìnáwó asán. Ẹ háyà Hilux.

DanKaduna: Mama 😂. Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Tí wẹ́dà bá ki irin sáàárín sípíríǹgì àti axle, bọ́dì ló máa ga o, diff, ìyẹn àpótí jíà tó wà láàárín axle ẹ̀yìn, ò ní kúrò níbi tó wà, òun ló sì máa kọ́kọ́ gbá òkúta. Táyà ńlá nìkan ló ń gbé diff sókè. Iwájú ńkọ́, wọ́n á yí torsion bar, irin tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì níwájú, mọ́ ọn, ọkọ̀ á le gbagidi, á máa ta yín sókè nínú gbogbo kòtò. Táyà tó bá sì fi ìdá 10 nínú 100 ga ju ti tẹ́lẹ̀, mítà á máa sọ pé 80 lẹ̀ ń sá nígbà tó jẹ́ 88, jíà á wúwo, epo á máa lọ ṣáá. Kọ́nà òkè Mambilla ni mi ò tíì sọ. Ní 2001, NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé bọ́ọ̀sì èèyàn 15 tí èrò kún inú ẹ̀ máa ń tètè dojú dé ju èyí tí èrò ẹ̀ ò pọ̀ lọ, ìyẹn bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá o, kẹ́ ẹ tó fi ínṣì 6 kún un. Ínṣì 2 ti tó, kẹ́ ẹ ra táyà tó ní eyín dáadáa.

OmoKubwa: Ẹ ṣé o. Kí n wá ta Hiace kí n fi ra Delica, bọ́ọ̀sì Mitsubishi, ńkọ́? Mo gbọ́ pé four-wheel ti jíìpù Pajero ló wà nínú Delica Space Gear.

BabaAyo_Gwags: Òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ni ǹ bá ní kó o rà. Wàhálà ẹ̀ ni pé èyí tó ń ti Japan wá, ọwọ́ ọ̀tún ni stíárìn ẹ̀ wà. Wá ti Yúróòpù, kò pọ̀ àmọ́ ó wà. Sọ fún wẹ́dà yẹn kó ní sùúrù ná.