Kí ni kí àwọn ènìyàn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa bọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìtàn kan ni mò ń kọ níbí n'Ìbàdàn, nípa àwọn ènìyàn tó ń di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lóru. Ẹ̀sìn wọn ló ń dà mí láàmú.

Ní Jàpáàn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni ìránṣẹ́ Inari, òrìṣà ìrẹsì. Mi ò fẹ́ gba tiwọn ṣe tèmi. Ìṣe ẹranko náà gan-an ni mo gbójú lé: inú ihò ló ń bímọ sí, ó sì máa ń ri oúnjẹ tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀. Ṣé kí n ní ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ, pé ìpín àwọn baba ńlá wọn ni oúnjẹ tí wọ́n rì yẹn? Èyí wù mí gan-an. Mo tún fẹ́ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní dáná, bíi ti Òkèbàdàn wa, torí iná ló ń tú àṣírí wọn.

Awọ wọn ńkọ́? Ọya bọ́ awọ ẹfọ̀n pamọ́, ọdẹ rí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá kú sínú àwọ̀ ènìyàn, báwo ni wọn yóò ṣe sin ín?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣẹ̀ṣe, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kò bójú mu níbẹ̀?