Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: ìwé-ẹ̀rí tàbí iṣẹ́ ọwọ́?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrótì. Lóṣù tó kọjá mo bi yín bóyá kí n sanwó ìwé-ẹ̀rí míì kí n lè kúrò nídìí dídáhùn ìpè oníbàárà. Ẹ ní kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn.

Ìròyìn owó kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Lágéré, Ifẹ̀, tó máa ń pẹ́ gan-an kó tó jáde. Mo fi EXPLAIN, àṣẹ tó ń fi ọ̀nà tí ètò náà ń gbà wá nǹkan hàn, yẹ̀ ẹ́ wò nínú PostgreSQL, ìyẹn ètò dátábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa sórí kọ̀ǹpútà, mo bá rí “Seq Scan”: ó ń ka gbogbo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan! Mo fi index, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ohun tó ń wá, sórí ọjọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà, kíá ni ìròyìn náà jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi han ọ̀gá. Láti ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú dátábéèsì ni mo wà. Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ mi parí síbí.