Ọkọ̀ ojú irin alẹ́ ní Yúróòpù: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Àjàlá Kékeré

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan bi mí lánàá bóyá ó dáa kí òun àti ìyàwó òun wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lóru nígbà tí wọ́n bá lọ lo ìsinmi ní Yúróòpù. Mo ní kó ní sùúrù, kí n pe ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́ rí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kẹ́ ẹ má baà ní ẹ̀sín yín ni mo ń wá.

August 2018 ni. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní Hamburg, ní Jámánì. A ṣe ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀, a wá fẹ́ lọ wo Vienna, olú ìlú Austria. Nightjet la wọ̀, ti rélùwéè Austria. Rélùwéè Jámánì ti pa ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì tiwọn tì ní December 2016, àwọn ará Austria ló gba díẹ̀ lára àwọn ọ̀nà náà. Ohun tó fà wá mọ́ ọn kò ju owó lọ: ẹ sùn sínú ọkọ̀, ẹ ò san ti òtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ sì mọ́ bá yín níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.

Yàrá elénìyàn mẹ́fà la mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé bọ́dìn háòsì, ṣé ẹ rántí bọ́ǹkì? Òun náà ni, àmọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n tò ó léra lápá méjèèjì, ẹni tó wà láàárín kò lè jókòó kó na ọrùn. Wọ́n fún wa ní aṣọ ìtẹ́bùsùn, ìrọ̀rí kékeré kan àti búláńkẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó kóòṣì wa gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, ó ní tó bá di àárọ̀ òun á dá a padà pẹ̀lú kọfí àti búrẹ́dì. Ìyàwó mi wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè pátápátá, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ọkùnrin tó sùn ní ọ̀kánkán mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó hanrun! Kì í ṣe ìhanrun ẹni tó rẹ̀, bí ẹ̀rọ tó ń lọ ọkà ló ń dún. Nígbà tó di aago méjìlá kọjá, mo rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì, mo jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ìsùn ló wà lára mi. Fóònù mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Pásípọ́ọ̀tù wa méjèèjì wà nínú báàgì ìyàwó mi, torí òun ni kì í sọ nǹkan nù.

Mo la kóòṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, mo dé apá ibi tí wọ́n kàn ń jókòó sí. Mo bá yàrá kan tó ṣófo, àga mẹ́fà, kò séèyàn kankan. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Mo na gbalaja.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ tá a wọ̀ ní Hamburg, méjì ni wọ́n so pọ̀. Apá kan ń lọ Vienna, apá kejì ń lọ Innsbruck, ìlú mìíràn ní Austria. Nuremberg, ní Jámánì, ni wọ́n ti ń tú wọn lóru nígbà yẹn, tí wọ́n á tún so wọ́n mọ́ èyí tó ti Düsseldorf bọ̀. Lójú oorun ni mo ti ń gbọ́ gbì, gbì, tí ọkọ̀ ń lọ sẹ́yìn, tó tún ń bọ̀ síwájú. Mo kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni.

Nígbà tí mo lajú, òkè ni mo rí. Òkè ràgàjì lọ́tùn-ún, òkè ràgàjì lósì. Mo ti wo àwòrán Vienna dáadáa kí n tó kúrò nílé, mi ò rí irú ẹ̀ níbẹ̀. Mo bi obìnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ibo la dé yìí. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká dé Innsbruck.

Ẹ wo àgbàlagbà ọkùnrin dúdú, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò ní pásípọ́ọ̀tù, kò ní kọ́bọ̀. Obìnrin yẹn ní kí n fi fóònù òun pe ìyàwó mi. Ìgbà tí mo gbà á tán ni mo tó rí i pé mi ò mọ nọ́ńbà ìyàwó mi. Ọdún mọ́kànlá tá a ti fẹ́ra wa! Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lórí mi ni tèmi. Ni mo bá pe ara mi.

Ìyàwó Àjàlá

Ẹ jẹ́ kí n gbà á lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀, torí kò ní sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo jí gbàdúrà ní bí aago mẹ́fà, mi ò bá a lórí bọ́ǹkì. Mo ní ó lọ tọ̀. Mo ka Sáàmù méjì, kò dé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ méjèèjì, ọmọ Ṣáínà kan ló jáde látinú ìkan. Àyà mi wá ń já. Ẹ sì mọ ẹni tó bá mi wá a? Ọkùnrin tó hanrun yẹn! Kò tiẹ̀ wọ bàtà, ó ń sáré láti kóòṣì dé kóòṣì, ó ń pariwo orúkọ ọkọ mi bí ó ṣe lè pè é.

Ìgbà tá a padà dé yàrá ni fóònù ọ̀gá dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Nọ́ńbà Austria. Mo gbé e, ohùn obìnrin ni mo gbọ́, ohùn dídùn. Ó ní, «Ẹ má bẹ̀rù, ọkọ yín wà lọ́dọ̀ mi.»

Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, kí lẹ máa rò?

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ kò ṣeé kọ síbí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wá gba fóònù tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé Nuremberg, mo ní ṣé wọ́n wá tú ọkọ̀, wọ́n tú ìwọ náà mọ́ ọn ni? Gbogbo yàrá ń rẹ́rìn-ín, wọn ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Wọ́n gbé oúnjẹ ẹni méjì wá: búrẹ́dì róbótó méjì-méjì, bọ́tà, jáàmù, kọfí. Mo jẹ tèmi, mo jẹ tirẹ̀. Mo sì dúró sí tésàn ńlá Vienna pẹ̀lú báàgì méjì àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ ńlá kan títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́.

Tèmi kò ní ariwo. Èmi nìkan ni mo máa ń lọ ìsinmi, ẹ̀rù tó sì ń bà mí ni ti ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí tí yóò sùn lórí mi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́: ní ọkọ̀ alẹ́ ilẹ̀ Faransé, ẹ lè ní kí wọ́n fi yín sí yàrá obìnrin nìkan nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Paris sí Nice, ìlú etí òkun ní gúúsù Faransé, ni mo bá lọ. Wọ́n ti pa ọ̀nà yẹn tì tẹ́lẹ̀, ọdún 2021 ni wọ́n dá a padà. Ní Paris, tésàn Austerlitz lẹ máa lọ o, kì í ṣe Gare de Lyon tí ọkọ̀ ọ̀sán ti ń gbéra. Mo rí ìyá kan tó ń sunkún lórí àṣìṣe yẹn.

Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá, ọ̀kan gbé ọmọ ọwọ́. Wọ́n fún wa ní omi àti nǹkan tí a fi ń dí etí. Mi ò dí etí mi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án, ariwo ẹ̀rọ ọsibítù ló ń mú mi sùn, ariwo irin ọkọ̀ sì jọ ọ́. Ìgbà tí mo jí, òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, búlúù, àpáta pupa sì yọrí sókè létí rẹ̀. A ti kọjá Saint-Raphaël nígbà yẹn. Ìyá ọmọ yẹn gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó lọ bọ́jú. Kò bi mí bóyá mo mọ ọmọ gbé.

Ọmọ Houston

Amẹ́ríkà ni mo ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì Eurail ni mo rà, èyí tẹ́ ẹ fi ń wọ ọkọ̀ káàkiri (ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ní UK àti Yúróòpù, Interrail ni tiyín). Mo rò pé ó ti parí. Kò parí o. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò san owó bẹ́ẹ̀dì, ọ̀tọ̀ lẹ máa sanwó ìyẹn, bó bá sì jẹ́ ìgbà ooru, kẹ́ ẹ tètè san án.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Àwa mẹ́fà la wà ní yàrá, ní ààlà kan tí mi ò ní dárúkọ. Aago mẹ́ta òru, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì. Mo ṣe bí ẹni tó sùn. Àwọn àgbà ní a kì í jí apirọrọ, àmọ́ àwọn yẹn jí i. Àwọn márùn-ún yòókù kò tiẹ̀ gbé orí sókè, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ní ìwé. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n yí pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà mi sọ́tùn-ún sósì, wọ́n fi èékánná ha fọ́tò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lábẹ́ mi ní «sorry», bí ẹni pé òun ló ṣe é. Mi ò sùn mọ́. Mo ṣì máa wọ ọkọ̀ alẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, àmọ́ abẹ́ ìrọ̀rí ni pásípọ́ọ̀tù mi máa wà. Ẹ̀gbọ́n Àjàlá, bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti bá mi ni wọ́n ti bá yín nínú síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, ọ̀rọ̀ ìbá di ti lọ́yà.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ rò pé Yúróòpù lẹ ti kọ́kọ́ sùn nínú rélùwéè. Ọdún 1974, èmi àti ìyá mi, Ọ̀fà sí Kano. Ẹni tó lówó ló ń sùn ní kóòṣì oníbẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ àga ni wọ́n tẹ́ ẹní sí fún mi, adìyẹ ẹlòmíràn so mọ́ ibi ẹsẹ̀ mi. Ìgbà tá a dé Jẹ́bà, ìyá mi jí mi, ó ní kí n wá wo Odò Ọya. Afárá irin ń dún wàràwàrà lábẹ́ wa, òkùnkùn ni mo rí, mo sì gbọ́ òórùn ẹja. Wọ́n ń gbé e gba ojú fèrèsé.

Ní 2023, ọmọ mi tó wà ní Rome ní òun fẹ́ fi nǹkan hàn mí. A wọ ọkọ̀ alẹ́ tó ń lọ Palermo, ní erékùṣù Sicily. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ dúró ní Villa San Giovanni, etí òkun, ilẹ̀ sì tán. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi ní kí n jókòó. Wọ́n já ọkọ̀ sí ọ̀nà bíi mélòó kan, wọ́n ń tì í lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọkọ̀ ojú omi. Irin wà nínú ọkọ̀ ojú omi náà bó ṣe wà nílẹ̀! Tí ọkọ̀ ojú omi bá ti ń lọ, ẹ lè gun òkè rẹ̀ lọ gba atẹ́gùn, kẹ́ ẹ jẹ ìrẹsì dídín róbótó tí wọ́n ń pè ní arancini. Messina, ní Sicily, wà níwájú, kò jìnnà. Wọ́n tún so ọkọ̀ pọ̀ lódìkejì, a sì ń bá ìrìn wa lọ.

Mo gun òkè yẹn, mo di irin mú. Ìyá mi ti kú láti 1991. Mo ní ká ní ó rí i ni.

Àjàlá Kékeré

Bàbá, ẹ kú ìrántí màmá.

Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè, ṣé o ti gbọ́? Bó o bá wọ ọkọ̀, wo ohun tí wọ́n kọ sára kóòṣì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sára ọkọ̀ lápapọ̀. Bí o kò bá lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń hanrun, láti December 2023 ni Nightjet ti kó ọkọ̀ tuntun sí ọ̀nà Hamburg, ihò kékeré ẹnìkan-ẹnìkan wà nínú rẹ̀, wàá ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ bí ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí n parí tèmi. Òṣìṣẹ́ Innsbruck pe èkejì rẹ̀ tó wà lọ́nà Vienna, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sí ìwé fún mi pé kí n fi hàn nínú ọkọ̀ ọ̀sán. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú mi wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó fún mi ní ápù. Kò sọ nǹkan kan. Sílípáàsì yẹn ṣì wà nílé, ìyàwó mi ni kò jẹ́ kí n jù ú nù.

Ìyàwó Àjàlá

Mo ti mọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀ o. Ẹ bi í bóyá ó ti mọ tèmi.