Ìrọ̀mọ́ ni, kì í ṣe ìsomọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka àbá tó ní kí á máa pe attachment (ìyẹn bí ọmọ ṣe ń gbọ́kàn lé ẹni tó ń tọ́ ọ, tàbí bí èèyàn ṣe ń gbọ́kàn lé Ọlọ́run) ní "ìsomọ́" bí a bá ń kọ̀wé lórí àdúrà àti ìlera ọpọlọ. Mi ò fara mọ́ ọn. Ewúrẹ́ là ń so mọ́ èèkàn. Ọwọ́ ẹlòmíì ló so ó, kò sì lè lọ. Ohun tí Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, rí lára àwọn ọmọ ọwọ́ ní Ùgáńdà, láàárín 1954 sí 1955, kò jọ èyí rárá. Ọmọ á rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, á fọwọ́ kan tibí, á fọwọ́ kan tọ̀hún, á bojú wẹ̀yìn wò ó. Bí ẹ̀rù bá bà á, kíá, ó ti padà dì mọ́ ọn. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń rọ̀ mọ́ ẹni tó gbọ́kàn lé. Nínú ìjọ pàápàá, rírọ̀ mọ́ Ọlọ́run là ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo àdúrà wàyí. Ní 2009, Uffe Schjødt àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Denmark gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí Kristẹni 20 dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń yàwòrán ọpọlọ. Wọ́n ka Àdúrà Olúwa, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ara wọn gbàdúrà, wọ́n sì tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Bàbá Kérésì. Àdúrà àtọkànwá ló jí àwọn ibi tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ nígbà tí a bá ń ro ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì. Ẹ ò rí i pé Yorùbá ti ya kíka àdúrà sọ́tọ̀ kúrò lára gbígba àdúrà tipẹ́!

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Christopher Ellison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ ní 2014 pé ní Amẹ́ríkà, àdúrà àwọn tó fọkàn tán Ọlọ́run ń bá ìdínkù àníyàn rìn. Ti àwọn tó rò pé Ó jìnnà sí wọn ń bá àníyàn púpọ̀ rìn. Wọn kò sọ pé àdúrà ló fà á o. Bí a ṣe rọ̀ mọ́ Ọlọ́run ló ṣe kókó. Nítorí náà, mo dábàá "ìrọ̀mọ́ afọkànbalẹ̀" fún ti ẹni tó fọkàn tán ẹni tó rọ̀ mọ́, "ìrọ̀mọ́ onífòyà" fún ti ẹni tó ń bẹ̀rù pé a ó kọ òun sílẹ̀, àti "ìtakété" fún ti ẹni tó ń yẹra.

"Ìlera ọpọlọ" dára bẹ́ẹ̀, rédíò ti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ká má kọ "wèrè" nípa ẹni tí àníyàn kò jẹ́ kó sùn.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "ìtakété" lọ, kó gbé e wá. Òun nìkan ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.